Ìkòkò Tó Fọ́ Kò Ṣeé Dá Padà, Àmọ́ Kẹ́míkà Kọ́: Bí A Ṣe Ń Dá Ìyípadà Kẹ́míkà Mọ̀ Nínú Ilé

Ọmọ àbúrò mi tó wà ní JSS 2 ló fọ́ àmù ìyá wa. Àmù ńlá ni, Òkèlélé ní Ìlọrin ni Màmá ti rà á lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò àdúgbò Dáda kí n tó relé ọkọ. Kí n tó dé ẹ̀yìnkùlé, ọmọ ti kó àpáàdì jọ, ó ti dọ̀bálẹ̀. "Àǹtí, ẹ bá mi bẹ Màmá àgbà. Ìyípadà kẹ́míkà ló ṣẹlẹ̀ sí àmù."

Màmá gbọ́. "Ta ní ń jẹ́ Kẹ́míkà? Ìwọ lo fọ́ ọ."

Ẹ̀rín pa mí. Mo ní kó gbé ìwé rẹ̀ wá. Ohun tí wọ́n kọ fún wọn nílé ìwé rèé: ìyípadà ìrísí ṣeé dá padà, ìyípadà kẹ́míkà kò ṣeé dá padà. Ó tán. Ọmọ rò ó wò: àmù fọ́, kò ṣeé dá padà, kẹ́míkà nìyẹn. Ọgbọ́n rẹ̀ ò ṣì, òfin tí wọ́n fún un ni ò pé. Mo kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì fún ọ̀pọ̀ ọdún nílùú Ìlọrin yìí, n ò lè ka iye wọn tí òfin kan ṣoṣo yìí ti ṣì lọ́nà.

Ohun tí èmi àti ọmọ náà fi ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi ṣe ni mo kọ síbí, fún òbí tàbí olùkọ́ tó bá fẹ́ dán an wò. Kò sí nínú ohun èlò rẹ̀ èyí tí ẹ ò ní rí ní Ọjà Ọba tàbí Ìpàta.

Ìbéèrè tí ẹ máa bi gbogbo nǹkan

Ẹ kọ́kọ́ gbé "ṣé ó ṣeé dá padà?" sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìbéèrè tó tọ́ ni: ṣé ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì wà, àbí nǹkan mìíràn ti dé?

Átọ̀mù, ìyẹn èérún tó kéré débi pé ojú ò lè rí i, ni wọ́n fi ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ lè kàn, àwọn átọ̀mù yìí sì máa ń dì mọ́ra wọn. Nínú omi, átọ̀mù háídrójìn méjì ló dì mọ́ ọ́síjìn kan. Bí omi bá di yìnyín nínú fíríìjì, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe dì mọ́ra. Bó bá di ooru tó ń gbé ọmọrí ìkòkò sókè, bẹ́ẹ̀ náà ni. Omi ni, ìrísí rẹ̀ ló yí. Ìgbà tí átọ̀mù bá fi ẹni tó dì mọ́ sílẹ̀, tó lọ dì mọ́ ẹlòmíràn, ni ìyípadà kẹ́míkà ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo aṣọ òfì tiwa. Ẹ ká a, ẹ gé e, ẹ fi rán fìlà, òfì náà ni. Àmọ́ bí ẹnì kan bá jókòó tó tú òwú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó tún un ta, tó fi hun ọnà mìíràn, aṣọ mìíràn nìyẹn. Òwú kankan ò sọnù, òwú kankan ò sì kún un. Ẹ fi ọ̀rọ̀ òwú yìí sọ́kàn, a máa padà sí i nígbà tí a bá gbé òṣùwọ̀n jáde.

Ẹ wá amọ̀ díẹ̀, éédú àti àdògán, sóbò gbígbẹ ẹ̀kúnwọ́ kan, eérú igi, ọsàn wẹ́wẹ́ bíi méjìlá, káún, ìṣó tuntun mẹ́ta, ike omi lítà kan àtààbọ̀ pẹ̀lú ìdérí rẹ̀, àti òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gírámù. Àwọn tó ń ṣe kéèkì máa ń ní irú òṣùwọ̀n yìí, ẹ yá a.

Ìgbésẹ̀ kìíní: abọ́ amọ̀ méjì

Ẹ po amọ̀ pẹ̀lú omi títí yóò fi rọ̀ bí òkèlè àmàlà, ẹ ṣa òkúta inú rẹ̀ dànù. Ẹ mọ abọ́ kéékèèké méjì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, kí ara rẹ̀ má nípọn ju ọmọ-ìka lọ. Ibòòji ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe inú oòrùn, nítorí oòrùn á mú kó sán. Ìgbà ọyẹ́ la ṣe tiwa, ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbẹ. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan.

Kí ẹ tó dá iná, ẹ bi ọmọ pé gbígbẹ tó gbẹ yìí, ṣé kẹ́míkà ni? Omi tí ẹ fi pò ó ló fò lọ. Amọ̀ ò tíì di nǹkan mìíràn.

Ẹ gbé ọ̀kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ìkejì sẹ́bàá iná kó yá fún wákàtí kan gbáko kó tó wọ inú éédú. Ìkánjú mú wa ní tiwa, a sọ ọ́ sínú iná tààrà, ó sì bú gbàù. Omi tó kù nínú ara rẹ̀ ló di ooru lójijì, kò sì rí ọ̀nà jáde. Màmá yọjú láti yàrá, wọ́n ní ṣé Kẹ́míkà náà ló tún dé. A mọ òmíràn.

Tó bá ti yá dáadáa, ẹ fi éédú tó ti ràn bò ó, ẹ fẹ́ iná náà títí abọ́ fi máa pọ́n yòò bí éédú tó yí i ká, kí ẹ sì jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún bíi wákàtí kan. Ẹ fi sílẹ̀ nínú eérú di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ má da omi sí i.

Ní àárọ̀, ẹ ri abọ́ méjèèjì sínú omi. Èyí tí kò fojú kan iná máa bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, kí wákàtí kan tó pé á ti padà di ẹrọ̀fọ̀ tí ẹ lè tún fi mọ nǹkan mìíràn. Èyí tó jáde nínú iná kò ní mì. Ẹ fi sínú omi fún ọdún kan, kò ní di ẹrọ̀fọ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé oríṣi omi méjì ló wà nínú amọ̀. Èkíní ni èyí tí ẹ fi pò ó, afẹ́fẹ́ lásán lè gbé e lọ. Èkejì kì í ṣe omi tí ojú rí: átọ̀mù háídrójìn àti ọ́síjìn ni, tí wọ́n hun mọ́ ara amọ̀ fúnra rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà nínú ilẹ̀. Iná tó bá tó nǹkan bí 500°C ló lè tú wọn kúrò níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti jáde, àwọn átọ̀mù tó kù á tún ara wọn tò, ohun tó bá kù kì í ṣe amọ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí àwọn amọ̀kòkò Dáda fi lè to ìkòkò jọ ní gbangba, kí wọ́n fi igi àti koríko bò ó, kí wọ́n sì sun ún láìní ààrò bíríkì: iná igi lásán ń kọjá ìwọ̀n ooru yẹn dáadáa.

Ìdánwò tó kù ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ gba abọ́ sísun yẹn, ẹ fi òkúta fọ́ ọ. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná bí èlùbọ́. Ẹ bomi sí i, kí ẹ gbìyànjú àtifi mọ abọ́. Kò ní gbà. Àpáàdì lílọ̀ ni, àpáàdì náà ló ṣì jẹ́. Àwọn amọ̀kòkò kan tilẹ̀ máa ń lọ àpáàdì mọ́ amọ̀ tuntun kí ìkòkò má baà sán nínú iná, ó sì ń wà nínú amọ̀ náà bí òkúta wẹ́wẹ́.

Ọmọ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Àǹtí, a jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n sun àmù ni kẹ́míkà ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ tí mo fọ́ ọ, kò sí nǹkan kan." Mo ní kó má sọ gbólóhùn kejì yẹn létí Màmá.

Ìgbésẹ̀ kejì: sóbò, eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́

Abọ́ amọ̀ ti fi hàn wá pé ohun tí kò ṣeé dá padà lè má jẹ́ kẹ́míkà. Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà rèé.

Ẹ bu ife eérú kan sínú ife omi méjì, kó sùn mọ́jú. Ní àárọ̀, ẹ rọra da omi òkè rẹ̀ sínú ìgò, ẹ fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sílẹ̀. Omi yìí máa ń yọ̀ lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ kan ojú ọmọ. Potassium carbonate ló wà nínú rẹ̀, òun náà ni àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú ń wá tí wọ́n fi ń sun èèpo kòkó: á bá epo jà lórí iná, á tú u, epo tó ń yọ̀ á wá di ọṣẹ tó ń hó.

Ẹ se sóbò láìsí ṣúgà, láìsí ata ilẹ̀, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ pín in sí ife funfun mẹ́ta. Ẹ má fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́, kó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú èkejì, á pọ́n sí i. Ẹ máa kán omi eérú sínú ẹ̀kẹta díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó. Á kọ́kọ́ di àwọ̀ àlùkò, lẹ́yìn náà á di àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn. Bí ẹ bá da omi eérú jù, á di àwọ̀ ìyeyè bí omi agbo.

Ohun tó ní àwọ̀ nínú ìsápá pupa ló ń gba háídrójìn lọ́wọ́ ásíìdì (ohun tó mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan), tó sì ń fi í sílẹ̀ fún omi eérú. Ọ̀nà tó gbà dì mọ́ra ti yí, nǹkan mìíràn ti dé. Kẹ́míkà ni, kò sí àríyànjiyàn.

Ó yá, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife aláwọ̀ ewé yẹn títí tó fi máa kan, kó tó di pé àwọ̀ rẹ̀ di ìyeyè bí omi agbo. Á hó díẹ̀, á sì padà di pupa.

Kẹ́míkà lọ, kẹ́míkà bọ̀. Ẹ bi àwọn aláró bákan náà: nínú ìkòkò aró, àwọ̀ búlúù ti kúrò lára ẹ̀lú kó lè yòrò kó sì wọ inú òwú. Aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde máa ń ní àwọ̀ ewé, ojú ẹni ni ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ti máa dá búlúù rẹ̀ padà. Bátìrì ínfátà tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yín náà, ìyípadà kẹ́míkà ló ń fún yín níná tí NEPA bá mú un lọ. Bí iná bá dé tó ń gba agbára, ìyípadà yẹn kan náà ló ń padà sẹ́yìn. Ká ní kẹ́míkà ò ṣeé dá padà lóòótọ́ ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a óò máa lo bátìrì ká tó jù ú nù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ wọn ohun tí ojú ò rí

Ẹ fi tíṣù di káún lílọ̀ ṣíbí kékeré kan. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ tó ìdajì ife sínú ike omi. Ẹ kó ike, ìdérí àti káún inú tíṣù sórí òṣùwọ̀n pọ̀, ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá ju káún sínú ike, kí ẹ dé e pa kíákíá. Ẹ má lò ju ṣíbí kékeré kan lọ, ẹ má sì lo ìgò onídíńgí. Ike lè fara da gáàsì tó ń bọ̀, dígí lè bú síni lójú.

Á hó, á rú. Ike á le gbandi. Ẹ tún un wọ̀n: ìwọ̀n ò yí. Lẹ́yìn gbogbo híhó yẹn, kò yí. Ẹ wá tú ìdérí díẹ̀díẹ̀, ẹ ó gbọ́ fúùù. Ẹ tẹ ike náà lẹ́ẹ̀mejì kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ jẹ́ kó padà sí bó ṣe wà, ẹ wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ìdérí rẹ̀. Ó ti dín, nǹkan bíi gírámù kan. Carbon dioxide ló jáde lọ yẹn. Bí ẹ bá ṣe irú rẹ̀ nínú ife gbayawu, tí ẹ sì rọra sọ ìṣáná tó ń jó sínú ẹnu ife náà lórí híhó, iná máa kú.

Òwú aṣọ òfì ni mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Kò sí èyí tó sọnù, ẹnu ọ̀nà la ṣí fún un. Ní 1774, Lavoisier, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Faransé, fi irin tánganran (tin) sínú ìgò tí kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ lè gbà wọ̀ ọ́, ó fi iná sí i títí apá kan tánganran náà fi di eérú. Ìwọ̀n ìgò ò yí. Ìgbà tó ṣí i ni afẹ́fẹ́ ya wọlé, tó sì wá wúwo sí i. (Wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní 1794 nínú rúkèrúdò ìlú wọn. Kì í ṣe tìtorí ìgò.)

Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń kùnà nìyí. Wọ́n á ní igi jóná, ó sì tán. Kò tán. Púpọ̀ nínú rẹ̀ di gáàsì, ó gba òkè lọ. Eérú jẹ́ ìwọ̀nba ohun tí kò lè fò.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìṣó mẹ́ta

Ìyẹn ò ní wàhálà, sùúrù ọjọ́ mẹ́wàá ló gbà. Ìṣó kan nínú ìgò gbígbẹ tó ní ìrẹsì gbígbẹ díẹ̀, ẹ dé e pa. Ìkan nínú omi tí ẹ sè kó hó kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ da epo lé e lórí kí afẹ́fẹ́ mìíràn má wọlé. Ìkan nínú omi iyọ̀ tó mu ún dé ìdajì, ẹ má dé e. Ẹ̀kẹta ló máa dógùn-ún. Irin, omi àti ọ́síjìn gbọ́dọ̀ pàdé, bí ọ̀kan bá fà sẹ́yìn, kò sí ìpẹtà. Ìdí nìyí tí irin tí ẹ gbé síta kì í fi í dógùn-ún púpọ̀ nígbà ọyẹ́ ní Ìlọrin, tó sì jẹ́ pé òjò méjì nínú oṣù kẹrin tó láti sọ ọ́ di pupa. Ti páànù orí ilé pẹ́ díẹ̀ sí i nítorí síńkì tí wọ́n fi bò ó, síńkì ló ń kọ́kọ́ jẹ ìyà. Ìgbà tó bá jẹ tán ni òrùlé máa ń pọ́n.

Àwọn ẹlẹ́rìí, àti bí wọ́n ṣe ń purọ́

Àwọ̀ tuntun, híhó, òórùn tuntun, ooru tàbí ìmọ́lẹ̀ tó jáde fúnra rẹ̀, nǹkan líle tó sùn sí ìsàlẹ̀ nígbà tí a po omi méjì tó mọ́ pọ̀: ẹlẹ́rìí ni gbogbo wọn. Ẹ má gba ẹ̀rí ẹnì kan ṣoṣo. Omi tó ń hó lórí iná ń hó, omi náà ni. Iyọ̀ yòrò nínú ọbẹ̀, ẹ gbẹ omi rẹ̀, iyọ̀ á yọjú. Òrí yọ́ lọ́wọ́ ọ̀sán, ó dì ní alẹ́, òrí ni. Ṣùgbọ́n epo pupa tí ẹ yan títí tó fi funfun, ohun tó fún un láwọ̀ ni ooru ti tú palẹ̀, kò sì ní padà bó bá tutù. Ànàmọ́ tí ẹ gé tó di dúdú nínú abọ́ náà, kẹ́míkà ni. Ọmọ Ọ̀fà tó bá ń ka èyí lè gé ànàmọ́ sí mẹ́ta: kó fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ọ̀kan, kó bọ ọ̀kan nínú omi gbígbóná, kó fi ọ̀kan sílẹ̀. Èyí tó fi sílẹ̀ ló máa dúdú jù, nítorí ẹ́ńsáìmù (ohun inú ẹ̀dá alààyè tó ń mú ìyípadà kẹ́míkà yá) tó ń so ọ́síjìn mọ́ nǹkan inú ànàmọ́ ò fẹ́ràn ásíìdì, ooru sì ń pa á.

Wàrà ló le jù, mo sì fẹ́ kó le. Àwọn ìyá Fúlàní ń rọra gbé wàrà tútù kaná, wọ́n á fún omi ewé bomubomu sí i, á dì, wọ́n á sẹ́ ẹ sínú agbọ̀n kékeré. Nínú wàrà tútù, purotéènì rẹ̀ léfòó bí bọ́ọ̀lù wẹ́wẹ́ tó ní irun lára, irun yẹn ni kò jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Ẹ́ńsáìmù inú bomubomu ń gé irun náà kúrò. Gígé yẹn, átọ̀mù ló já kúrò lára átọ̀mù, kẹ́míkà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọsàn wẹ́wẹ́ mú wàrà dì, kò sí ohun tó gé irun wọn, ásíìdì kàn mú kí wọ́n yé lé ara wọn sẹ́yìn ni. Ìwé ilé ìwé pe méjèèjì ní kẹ́míkà. Lójú tèmi, ti bomubomu dá mi lójú, ti ọsàn wẹ́wẹ́ wà lórí ààlà. Bí ọmọ bá lè jiyàn lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láìsọ pé "kò ṣeé dá padà," ó ti mọ̀ ọ́n. Wàrà àti ọsàn ni kí ẹ fi ṣe é nílé o. Oje bomubomu tútù léwu fún ojú, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n lò.

Èyí tí ẹ ò gbọdọ̀ dán wò

Ẹ má po háípò mọ́ ọsàn, fínígà tàbí ọṣẹ fífọ ṣáláńgá. Gáàsì chlorine ló máa jáde, ó ń jẹ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ má gbé àdògán éédú wọ yàrá títì nítorí òtútù ọyẹ́, ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀. Éédú tàbí epo tí ọ́síjìn ò tó fún ń mú gáàsì carbon monoxide tó ń pani jáde, kò lóòórùn, kò láwọ̀, kò sí ẹlẹ́rìí kankan nínú àwọn tí mo kà sókè yìí tó máa kìlọ̀ fún ẹni tó ń sùn.

Nínú ìdánwò

Ọmọ bi mí pé kí ni kóun wá kọ, nítorí ìwé tíṣà ni tíṣà fi ń máàkì. Mo ní kó kọ gbólóhùn yìí: "Ìyípadà kẹ́míkà ń mú nǹkan tuntun jáde, ó sì sábà máa ń ṣòro láti dá padà." Tíṣà á rí ohun tó ń wá nínú apá kejì. Máàkì gidi wà nínú apá kìíní. Bí wọ́n bá ní kó mú àpẹẹrẹ wá, kó kọ sísun ìkòkò sí abẹ́ kẹ́míkà, kó kọ fífọ́ rẹ̀ sí abẹ́ ìrísí, kó sì fi ìlà kan ṣàlàyé ìdí.